Ta Ni Ọkùnrin Kìíní?

Bí ìyàwó yín bá ń ta aṣọ tàbí tó ń kọ́ ọmọ níwèé, ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àtọ̀ ọkùnrin ni ìyàwó tèmi ń wò. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ wà lórí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, àtọ̀ ọkọ ọlọ́kọ ló sì wà lábẹ́ awò ọ̀hún. Dókítà Lọ́lá Igbẹ́kọ̀yí ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń ké sí i lọ sí Cotonou, wọ́n ń ké sí i lọ sí Dakar, kó wá ṣàlàyé ohun tó rí lára àwọn ọkùnrin. Èmi Tàófíìkì, ọkọ rẹ̀, mo jókòó sí ọjà Atakpamé, mo ń ta táyà àti ẹ̀yà ara alùpùpù, mo sì ń jowú.

Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní obìnrin ló ń jowú. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ dókítà rí.

Ṣéhù, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ìkòkò àti abọ́, ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Kò sí ọjọ́ tí kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Tàófíìkì, mo rí ìyàwó ẹ lánàá. Ó ń kọjá láàárín ọjà, gbogbo ọkùnrin ń wolẹ̀. Ó ti mọ gbogbo wọn tinú-tòde!" Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín, torí ọjà kì í ṣe ibi téèyàn ti ń sunkún.

Ẹ tún wo àwọn ará Akparé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Lọ́lá. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, àwọn ará ilé wọn ò sì tíì fi òrìṣà wọn sílẹ̀. Lọ́lá ti sọ fún wọn pé àtọ̀ kò gbọdọ̀ tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kú sójú ọ̀nà. Nítorí náà wọ́n á ki ìgò kékeré tí àtọ̀ wà nínú rẹ̀ bọ abíyá, wọ́n á gun zémidjan, alùpùpù akérò wa níbí, wọ́n á sáré wọ ìlú. Èmi á wà ní ìsọ̀ mi, màá rí géńdé ọkùnrin tó há apá mọ́ ìhà bí ẹni tí oówo mú, màá sì mọ ibi tó ń lọ. Ìyàwó mi ni yóò gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ni yóò wò ó lójú, tí yóò sọ fún un pé, "Ẹ kú iṣẹ́."

Jules ló ń bá a ṣiṣẹ́ nínú làbó, yàrá àyẹ̀wò rẹ̀. Ó ga, ó ń fi lọ́fínńdà para, kò sì tíì gbéyàwó. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo fẹ́ Lọ́lá, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ń ṣe ló ń yẹ̀ wò ní ọsibítù. Lẹ́yìn tí a bímọ tán ló lọ kàwé sí i ní Lomé, ó tún lọ sí Cotonou, ó gboyè, ó sì padà wálé wá ṣí làbó kékeré. Láti ìgbà náà, ìdí rẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́. Ó tọ àwọn tó ń sun èédú lọ lójú ọ̀nà Nangbéto. Ó tọ àwọn awakọ̀ tírélà tí ẹ́ńjìnnì gbígbóná wà lábẹ́ ìjókòó wọn, àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń yan búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ tó kó dé kò gùn: ooru jẹ́ ọ̀tá àtọ̀. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ọlọ́run fi so àpò ẹpọ̀n sí ìta ara, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ. Ọkùnrin tó bá ń dúró ti iná lójoojúmọ́, àtọ̀ rẹ̀ lè dínkù, èyí tó kù á sì máa rìn bí ẹni tí oorun ń kùn. Bó bá kúrò nídìí iná, tí oṣù díẹ̀ kọjá, ó lè bọ̀ sípò.

Kó tó dé, bí ilé kan ò bá rọ́mọ bí, obìnrin ni gbogbo ayé ń nàka sí. Nísinsìnyí ọkùnrin náà ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì Lọ́lá, ó ń dojú délẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ rere fi kan owú?

Gbogbo ìyẹn, màá lè fara dà á. Ọkùnrin Kìíní ni mi ò lè fara dà.

Gbogbo ibi tí Lọ́lá bá ti ń sọ̀rọ̀, bákan náà ló ń bẹ̀rẹ̀. Orí rédíò ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní, "Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná. Ọkùnrin Kìíní ni mò ń pè é, torí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò. Ká ní kì í ṣe tirẹ̀ ni, n kì bá tí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí." Bó ṣe dé ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ rọ̀. Mo mọ ohùn yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn nínú yàrá wa. Ìyàwó mi wá ń fi í sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún gbogbo ilẹ̀ Togo, èmi sì jókòó láàárín táyà, mo ń gbọ́.

Kì í ṣe èmi. Èmi ò fún un ní ìgò kankan rí, òun náà ò sì béèrè rí. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀, kò béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ìyẹn gan-an tún ń dùn mí lọ́tọ̀.

Mo bi í pé ta ni. "Bàbá Sẹ̀ríyà, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Àṣírí ẹni kì í ti ẹnu mi jáde. Bí mo bá tú ti ẹnì kan, ta ni yóò tún wá?" Ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tèmi. Ta ló ń ṣiṣẹ́ nídìí iná, tó sì lè mú ohùn obìnrin rọ̀? Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Jacques tó ń jó irin lẹ́bàá ọ̀nà Notsé. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Bí Lọ́lá bá ń kọjá, Jacques á bọ́ dígí dúdú ojú rẹ̀ kó tó kí i. Kí ló ń bọ́ dígí sí? Lọ́jọ́ kan mo fi òòlù fọ́ ìdábùú ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi fúnra mi, kí n lè rí ohun tí màá gbé lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó jó o pọ̀ fún mi, ó sì ní kí n bá òun kí Dókítà. Mo gbé irin mi, mo ń fi eyín jẹ eyín padà sọ́jà.

Ìtùnú kan ṣoṣo ni mo ní: Lọ́lá náà ti jowú mi rí.

Ààrò búrẹ́dì ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, búrẹ́dì yẹn ló sì sọ ọ́ di èèyàn ní Atakpamé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, èmi ló ń dúró lẹ́nu ààrò, òógùn á máa ṣàn wọ inú bàtà mi. Ọdún ń gorí ọdún, Lọ́lá ò lóyún. Ìyá mi, Àmírátù, tó ń gbé pẹ̀lú wa, kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá rí i tó ń jẹun, á ní, "Adìẹ tó ń jẹ àgbàdo tí kì í yé." Ó ní ọmọ abọ̀rìṣà ti fi ilé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lójúbọ kó tó wọlé òun. Ó tilẹ̀ ti rí ọmọ oníṣòwò kan fún mi ní Notsé. Èmi ńkọ́? Mo ń gbọ́, mo sì ń po ìyẹ̀fun.

Colette ló ń wá ra búrẹ́dì lẹ́nu ààrò lọ tà níbùdókọ̀. Ó lẹ́wà, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dún dé òpópónà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lọ́lá ti ọsibítù dé, ó bá Colette tó ń rẹ́rìn-ín. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yí tábìlì ìyẹ̀fun dànù. Ó ní kí n mú ọ̀kan, òun tàbí ààrò tí Colette ti ń bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá tún fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, Akparé ni kí n ti wá òun.

Inú mi dùn ju ti ọba lọ. Ìyàwó mi ń jowú mi! Obìnrin jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ da ìyẹ̀fun nù nítorí èmi. Mo fa ààrò lé àbúrò bàbá mi, Àbdùlhàmíd, lọ́wọ́. Lọ́lá fúnra rẹ̀ ló yàn án, ó ní àgbàlagbà tó ti bí ọmọ tirẹ̀ tán ló yẹ ibẹ̀. Èmi rò pé ó ń wá ẹni tí Colette ò ní rẹ́rìn-ín fún ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta táyà. Kò pé ọdún tí Lọ́lá fi lóyún Sẹ̀ríyà, Ọmọ́yẹmí sì tẹ̀ lé e. Ìyá mi ní àdúrà òun ló ṣí inú Lọ́lá. Kò sí ibi tí ẹbí ti pàdé láti ìgbà náà tí kì í ti sọ ọ́.

Bí owú àwọn ìgò yẹn bá ti ń jó mi jù, màá ronú kan tábìlì tó dojú dé, ọkàn mi á sì rọlẹ̀.

Lọ́dún yìí ni wọ́n pe Lọ́lá sí Lomé. Wọ́n fẹ́ kó wá ṣe olórí làbó ńlá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí ọkùnrin. Yóò máa gbé níbẹ̀, yóò máa wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Jules náà ń bá a lọ. Lọ́lá wá bá mi nídìí ìjókòó mi, ó kúnlẹ̀.

"Ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nìyí, Bàbá Sẹ̀ríyà. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní lọ."

Mo ní, "Dárúkọ Ọkùnrin Kìíní fún mi, kí o máa lọ. Bí o ò bá dárúkọ rẹ̀, o ò ní lọ."

"Nítorí ìyẹn nìkan?"

"Nítorí ìyẹn nìkan."

Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. A ò sọ ọ́ mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó pe àwọn tó ń bá iná ṣiṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn kan nílùú, kó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ti ìsọ̀ mi, mo lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kì í ṣe Lọ́lá ni mo wá gbọ́. Ojú àwọn ọkùnrin ni mo wá wò. Ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ níbi tó ti máa ń rọ̀, èmi náà sì di ìkúùkù níbi tí mo ti máa ń dì í.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè béèrè, Jacques dìde. Mo ní, ó tán. Ó ní, "Dókítà, Ọkùnrin Kìíní yẹn, ṣé ó padà bímọ?"

Lọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó bí méjì. Títí di òní, kò mọ̀ pé òun ni."

Kì í ṣe Jacques nìyẹn! Ọmọ Jacques kún ilé. Ọkùnrin mìíràn ni, ó sì tún wá jẹ́ ẹni tí kò mọ̀. Mi ò dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán. Mo ti wà nílé kí Lọ́lá tó dé, mo sì ń rìn láti ògiri kan dé èkejì.

"Ọkùnrin tí kò mọ̀!" ni mo fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Níbo lo ti rí àtọ̀ ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé o rí i?"

Lọ́lá bọ́ bàtà rẹ̀. "Inú ara mi ni mo ti rí i."

"Inú ara rẹ! O sì lè la ẹnu sọ ọ́!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́."

"Níbo ló ti ṣẹlẹ̀?"

Ó nawọ́ sí yàrá wa. "Níbẹ̀ yẹn."

"Nínú yàrá mi! Lórí ibùsùn mi! Níbo ni èmi wà nígbà náà?" Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù mi. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gùn ún lọ, mo kàn mọ̀ pé màá bá ẹnì kan jà lọ́jọ́ náà.

"Ìwọ ni!" Lọ́lá pariwo. "Ìwọ ni, Tàófíìkì! Ọkùnrin mìíràn wo ló wà níbẹ̀?"

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ mi rí, kò sì sọ "ìwọ" sí mi rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Òun náà jókòó. Ohùn rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ó ní, "Nígbà tí Màmá ń pè mí ní adìẹ tí kì í yé, èmi náà gbà á gbọ́. Mo ní bóyá lóòótọ́ inú mi ló ń pa àtọ̀ yín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a jọ sùn, mo tètè dé ọsibítù, mo sì yẹ àtọ̀ yín tó wà lára mi wò lábẹ́ awò. Mo wá a títí. Díẹ̀ ni mo rí, gbogbo wọn sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo tún un ṣe nígbà mìíràn, bákan náà ni. Mo wá ń ka gbogbo ìwé tí ọwọ́ mi bá tẹ̀. Nínú ìwé ni mo ti bá ọ̀rọ̀ iná pàdé."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ̀ bá gbà? Ẹ̀ bá ní mo fojú tẹ́ńbẹ́lú yín. Ẹ̀ bá lọ fẹ́ ọmọ Notsé yẹn, kẹ́ ẹ lè fi hàn mí pé ọkùnrin ni yín."

Òótọ́ ló sọ.

"Colette ńkọ́?" ni mo wá bi í. "Ṣé o ò jowú rẹ̀ rárá?"

"Colette?" Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ẹni tó ti kú tipẹ́. "Búrẹ́dì ni Colette wá rà. Ààrò yẹn gan-an ni orogún mi. Òun ló ń gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, ẹ̀yin sì ń jí lọ bá a."

Ó dùn mí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtọ̀ ló kọ́kọ́ dùn mí, owú yẹn ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé mo ní lọ́wọ́ Lọ́lá, irọ́ ni. Ìgbà tó yá ni mo tó rántí ohùn orí rédíò. Èmi ni ohùn yẹn ń rọ̀ fún. Láti ọdún gbọọrọ, ara mi ni mo ti ń jowú.

Mo ní, "Gbogbo ìsọkúsọ Màmá yẹn, o kàn gbé e mì?"

"Mo gbé e mì. Torí bí mo bá bì í, ara yín ni ì bá ta sí." Ojú rẹ̀ le. "Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti gbàgbé o. Ó ń bí mi nínú. Títí di òní ló ń bí mi nínú."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sí."

Mo ní kó máa lọ sí Lomé. Ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, bí ẹni tó san owó tí kì í ṣe gbèsè tó jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, a se oúnjẹ kí àwọn èèyàn lè bá a dágbére. Fáníyì, ẹ̀gbọ́n Lọ́lá, gbé iṣu wá láti Akparé. Ṣéhù wá, Jacques wá, Jules náà wá pẹ̀lú lọ́fínńdà rẹ̀. Ìyá mi jókòó lórí ẹní láàárín ìyàrá, gbogbo wa yí i ká. Lọ́lá wà lórí ìdúró, ó ń bu ìrẹsì.

Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ wo Lọ́lá yìí o. Bí kì í bá ṣe àdúrà mi, igi gbígbẹ ni. Omijé ojú mi ni mo fi ṣí inú rẹ̀."

"Àmín," ni wọ́n ń wí, bí wọ́n ṣe máa ń wí i. Fáníyì wolẹ̀. Ìgbákọ dúró lọ́wọ́ Lọ́lá díẹ̀, ó sì tún ń bu ìrẹsì lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń dúró bẹ́ẹ̀. Mi ò bi ara mi rí ohun tó ń dá a dúró.

Mo wo Ṣéhù. Bí mo bá sọ ọ́ níbí, gbogbo ọjà ni yóò fi mí jẹun lọ́la. Màá di ẹni tí wọ́n ń nàka sí. Jules yóò gbọ́, Jacques yóò gbọ́, gbogbo ọkùnrin tí mo ti ń fojú burúkú wò yóò gbọ́. Mo dìde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú Lọ́lá ò tì rí. Èmi ni ọmọ ò sí lára mi. Ooru ààrò bàbá mi ló fà á, Lọ́lá ló rí i, òun ló sì fi ọgbọ́n yọ mí kúrò níbẹ̀. Èébú tèmi lẹ ti ń bù lé e lórí láti ọjọ́ yìí." Mo yíjú. "Jacques, ìwọ lo béèrè Ọkùnrin Kìíní. Èmi nìyí."

Ìrẹsì wà lẹ́nu Ṣéhù, kò jẹ ẹ́, kò sì rẹ́rìn-ín. Lọ́lá ń wò mí. Kò wo Jules, kò wo Jacques, èmi nìkan ló ń wò. Ìyá mi wo èmi, ó wo Lọ́lá, kò rí àdúrà kankan gbà. Nígbà tó pẹ́, ó sún díẹ̀ lórí ẹní, ó fi ọwọ́ gbọn ibi tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wá jókòó, Ìyá Sẹ̀ríyà," ló wí. "O ti dúró pẹ́."

Lọ́lá ò tètè lọ. Ó fi ìgbákọ lé mi lọ́wọ́ ná, kó tó lọ jókòó síbẹ̀. Mo bu ìrẹsì fún gbogbo wọn. Ti Jules, mo bu díẹ̀.